Ara mi ni ò jẹ́ kí n jókòó

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ kan tí àbúrò mi ọkùnrin sọ lálẹ́ ọjọ́ kan nílé wa ní Kubwa, torí ọ̀rọ̀ yẹn ti gba oorun lójú mi lọ́pọ̀ òru, òun náà ló sì jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí. Ó ń rìn. Láti pálọ̀ dé ìdí géètì, láti ìdí géètì padà sí pálọ̀, ó ti lé ní wákàtí mẹ́ta tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, bó bá jókòó kò ní pé ìṣẹ́jú kan tá á fi dìde, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń fọwọ́ ra itan ẹ̀. Iná ò sí, jẹ́nẹ́rétọ̀ ilé kejì ń dún gbàgbàgbà, oṣù kẹta ni (ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Abuja mọ bí ooru oṣù kẹta ṣe máa ń rí), ó ti rẹ̀ mí látibi iṣẹ́, ni mo bá jágbe mọ́ ọn. Mo ní, "Ṣé o ò lè jókòó ni? Ṣé o tún fẹ́ ya wèrè mọ́ wa lọ́wọ́ ni?" Ó dúró, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú. Mo fẹ́ jókòó. Ara mi ni ò jẹ́ kí n jókòó."

Àwa gbà pé àìsàn yẹn ló tún gbérí. Ta ni ò ní gbà bẹ́ẹ̀? Ẹni tí orí ẹ̀ ti dàrú rí, tó wá ń rìn kiri inú ilé láago mọ́kànlá òru, kí lèèyàn tún fẹ́ pè é. Nígbà tílẹ̀ mọ́ a gbé e padà lọ sí ọsibítù, a ṣàlàyé pé kò sinmi, kò sùn, ìrìn lásán ló ń rìn, dókítà tá a bá níbẹ̀ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi kún oògùn ẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn ìrìn náà di ìlọ́po méjì. Mi ò ní dárúkọ ọsibítù yẹn. Èrò tó wà lórí ìlà lọ́jọ́ náà pọ̀ débi pé àwọn kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kọ́rídọ̀, dókítà kan ṣoṣo ló ń dá wọn lóhùn, mo rí i bó ṣe ń fọwọ́ nu ojú. Àmọ́ bọ́rọ̀ ṣe rí gan-an ni pé oògùn tá a fún un ló ń lé e kiri ilé, a wá tún bu oògùn yẹn lé oògùn.

Ọdún 2015 ló bẹ̀rẹ̀. Poli kan lókè ọya níbí ló wà, ó ku díẹ̀ kó jáde, làwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá pè wá pé kò tíì sùn láti ọjọ́ mẹ́rin, pé ó ní rédíò ń sọ̀rọ̀ òun, ó sì ti yọ bátìrì gbogbo rédíò tó wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Mo wọ mọ́tò ní Zuba lọ́jọ́ yẹn láìjẹun. Nígbà tí mo débẹ̀, ó tẹjú mọ́ mi pẹ́, ó ní òun mọ ojú yẹn, àmọ́ kì í ṣe èmi ni mo wà nínú ẹ̀. Ẹni tí mo pọ̀n sẹ́yìn! Ẹ̀yìn yẹn la gbé e lọ fún ìtọ́jú, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ haloperidol, ìyẹn Haldol, ó sùn, a dúpẹ́.

Ọjọ́ kẹta tá a gbé e délé ni ọrùn ẹ̀ wọ́ lọ sápá òsì, ó dúró síbẹ̀ bíi pé wọ́n fi ìṣó kàn án, ojú ẹ̀ méjèèjì yí sókè, funfun nìkan là ń rí, ahọ́n ẹ̀ yọ síta, kò ṣeé dá padà. Mọ́mì káwọ́ lérí, wọ́n ń ké. Ìyá Hausa tó ń ta kòkó àti kosai lẹ́nu géètì wa sáré wọlé, ó ń pe àljánù, pásítọ̀ ilé kejì gbé òróró dé, bàbá kan láàdúgbò ní ayé ló ṣe é, wọ́n ti ń lé e bọ̀ látilé, gbogbo èèyàn ló ní orúkọ tó fẹ́ fún un, kò sì sẹ́nì kankan nínú wa tó pè é ní oògùn. A gbé e jáde lóru yẹn. Nọ́ọ̀sì tá a bá lẹ́nu iṣẹ́, ọmọbìnrin kékeré kan, kò tiẹ̀ jẹ́ ká parí ẹjọ́, ohun kan ṣoṣo ló bi wá: "Abẹ́rẹ́ wo ni wọ́n gún un?" Ó fa Phenergan, ó gún un, ó ní ká lọ jókòó. Kò tó ìṣẹ́jú ogójì tí ọrùn ẹ̀ fi padà sáyè ẹ̀, ó sì béèrè omi.

Mọ́mì ní òróró ló ṣe é. Èmi ò bá wọn jiyàn, ìyá ni wọ́n, ẹ̀rù ti bà wọ́n kọjá bó ṣe yẹ. Àmọ́ mo fẹ́ mọ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ là mí lójú ni Àlhájà kan tó ní fámásì lójú ọ̀nà wa, ọmọ Ìlọrin. Mo ti ń ra oògùn lọ́wọ́ wọn tipẹ́, a máa ń kí ara wa ni, ká tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó. Lọ́jọ́ yẹn ọjà ò yá, wọ́n fa àga ike kan sáàárín ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní, "Wò ó, àga yìí lẹ́ni tó ni ín." Wọ́n ṣàlàyé pé àwọn iṣan kéékèèké inú ọpọlọ tó ń ránṣẹ́ síra wọn ò fara kanra, àlàfo tín-ín-rín ló wà láàárín wọn, ọ̀kan á tu kẹ́míkà sínú àlàfo yẹn, kẹ́míkà á lọ jókòó sórí àga tiẹ̀ lára èkejì, ìgbà tó bá jókòó ni iṣẹ́ tó jẹ́ tó dé. Àga yẹn làwọn dókítà ń pè ní rìsẹ́ptọ̀. Dopamine ní àga tiẹ̀, serotonin ní tiẹ̀, histamine ní tiẹ̀, acetylcholine ní tiẹ̀. Àlhájà wá jókòó sórí àga ike yẹn, wọ́n ká apá. "Èmi ni Haldol. Mi ò ṣiṣẹ́ kankan o, mo kàn jókòó ni. Dopamine dé, kò ríbi jókòó, ó padà. Iṣẹ́ tó gbé bọ̀ ò dé nìyẹn."

Wọ́n ní ṣé mo mọ goro táwọn dírẹ́bà ń jẹ ní páàkì. Ta ni ò mọ goro, obì gbàǹja wa náà ni. Wọ́n ní kafiín inú ẹ̀ ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bá a bá ti pẹ́ lójúfò, kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ adenosine á máa pọ̀ sí i nínú ọpọlọ, bó bá jókòó sórí àga ẹ̀, oorun á kun èèyàn. Goro á ti lọ gba àga yẹn sílẹ̀. Oorun ò lọ o, ó wà níta, kò ríbi jókòó ni. Ìdí nìyẹn tí dírẹ́bà tó jẹ goro láti Kano á fi débí láìtòògbé, tó bá sì fi máa di ìgbà tí goro ṣí kúrò lórí àga, gbogbo oorun tó ti ń dúró níta á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó wá yí gbogbo èrò mi padà nìyí. Àga dopamine yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní D2, kì í ṣe yàrá kan ṣoṣo ló wà. Ó wà ní yàrá tí ọpọlọ ti ń sọ fún èèyàn pé nǹkan báyìí ṣe pàtàkì, fiyè sí i. Ó wà ní yàrá tó ń darí ìrìn àti bí iṣan ṣe ń nà tó ń ká. Ó wà níbi tó ń kó omi ọmú níjàánu. Ó wà níbi tó ń mú èèyàn bì. Oògùn ò lójú, ẹ̀jẹ̀ á gbé e kiri gbogbo yàrá, ibi tó bá ti bá àga D2, ibẹ̀ ló máa jókòó sí. Yàrá àkọ́kọ́ la torí ẹ̀ gún abẹ́rẹ́, yàrá ìkejì ló fi ọrùn san án. (Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ gbọ́ eléyìí náà: Plasil tí wọ́n máa ń fún èèyàn kó má bàa bì, àga D2 yìí kan náà ló ń gbà, ìdí nìyẹn tí ọrùn ọmọ mìíì fi máa ń wọ́ lẹ́yìn tó bá lò ó, táwọn ará ilé á sì máa pariwo wárápá. Ẹ gbé ọmọ àti páálí oògùn náà lọ sọ́sibítù.)

Ní yàrá ìrìn yẹn, dopamine àti acetylcholine dà bí apá méjì òṣùwọ̀n. Nígbà tí Haldol dí àga dopamine pa, apá kejì fì wálẹ̀, ara le. Phenergan lọ gba àga acetylcholine, òṣùwọ̀n padà gún. Artane náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí tí wọ́n fi máa ń kọ ọ́ tẹ̀ lé Haldol nìyẹn, ìdí náà sì nìyẹn tí ẹnu á fi gbẹ, tí ìgbẹ́ á le, tí ìwé á ṣókùnkùn lójú ẹni tó ń kà á, torí acetylcholine ní àga níbi tí itọ́ ti ń jáde, nínú ìfun, nínú ojú.

Mo rí nǹkan kan nígbà tí mo ń kàwé nípa ẹ̀ tó yà mí lẹ́nu gan-an. Phenergan tó gbà wá sílẹ̀ lóru yẹn àti Largactil, tó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú àwọn oògùn yìí, inú ilé kan náà ni wọ́n ti jáde, ilé iṣẹ́ Rhône-Poulenc ní ilẹ̀ Faransé. Phenergan ló ṣáájú, oògùn ara yíyún ni. Ní ìparí ọdún 1950 ni Paul Charpentier tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yí nǹkan padà lára ẹbí oògùn yẹn, ó di chlorpromazine, ìyẹn Largactil. Dókítà iṣẹ́ abẹ kan, Henri Laborit, ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ó ń mú kí ọkàn àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún rọlẹ̀ láìsùn, nígbà tó sì di 1952, Jean Delay àti Pierre Deniker fún àwọn alárùn ọpọlọ ní oògùn náà ní ọsibítù Sainte-Anne ní Paris, ó ṣiṣẹ́. Nígbà yẹn kò sẹ́ni tó mọ̀ pé àga kankan wà. Oògùn ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún ó lé kí wọ́n tó rí ibi tó ń jókòó sí! Àárín 1970 sí 1980 ni Philip Seeman ní Toronto àti Solomon Snyder ní Baltimore fi hàn, kálukú lọ́tọ̀, pé bí oògùn bá ṣe di àga dopamine mú tó ni mílígíráàmù tí èèyàn máa lò á ṣe kéré tó. Mọ́mì ti bi mí ní ìbéèrè yìí tipẹ́, wọ́n ní báwo ni hóró tó jẹ́ 5 ṣe máa le ju hóró tó jẹ́ 100 lọ, ṣé wọn ò fẹ́ rẹ́ wa jẹ báyìí. Ìdáhùn ẹ̀ nìyẹn, Mọ́mì. 5 yẹn di àga mú pinpin, 100 yẹn di í mú lọ́wọ́ kan.

Nígbà tí ẹ̀rọ PET dé, tó ṣeé ṣe láti wo ọpọlọ ẹni tó wà láàyè kí wọ́n sì ka iye àga tí oògùn ti gbà, ohun tí wọ́n rí ni pé nínú àga 100, bí oògùn bá gba bíi 65, ara èèyàn á máa balẹ̀. Bó bá ń lọ sí 80, tó sì ń kọjá ẹ̀, ara líle, ọwọ́ gbígbọ̀n àti ìrìnkúrìn á bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo bí àyè yẹn ṣe kéré tó, àga mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló wà láàárín ìwòsàn àti ìyà. Haldol ò sì nílò púpọ̀ kó tó dé 65, mílígíráàmù díẹ̀ ti tó lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Tó bá ti gba àga tán, èyí tí wọ́n bá tún bù lé e kì í mú ọpọlọ balẹ̀ sí i, ìyà ara nìkan ló ń fi kún. Mo ń rántí páálí tuntun tá a rà lọ́jọ́ tí wọ́n fi kún oògùn ẹ̀, bí mo ṣe dì í mọ́yà nínú kẹ̀kẹ́ bíi pé mo gbé àlàáfíà bọ̀ wálé.

Ìrìnkúrìn yẹn ní orúkọ. Akathisia ni. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni, ìtumọ̀ ẹ̀ sì ni àìlèjókòó. Ọdún 1901 ni dókítà kan ní Prague, Ladislav Haškovec, sọ ọ́ lórúkọ, àádọ́ta ọdún kí Largactil tó dé, látara àwọn èèyàn méjì tó rí tí wọn ò lè jókòó. Mo ka ibẹ̀ yẹn ní ọ́fíìsì, mo dìde, mo lọ tì ara mi mọ́ ilé ìyàgbẹ́, mo sunkún. Àbúrò mi tó wà ní Kubwa, tí kò ka ìwé ìṣègùn kankan rí, ti sọ orúkọ àìsàn náà fún mi lójúkojú, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, èmi ni mo pè é ní wèrè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ẹni tó ń lo irú oògùn yìí nílé, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kì í ṣe pé ẹsẹ̀ ń yún un láti rìn lásán. Ó ní bíi pé èèrà ń rìn nínú egungun òun, pé bí òun bá ń rìn ó ń dín kù díẹ̀, bí òun bá dúró ó ń gùn òun lọ́rùn. Ó pẹ́ kó tó lè sọ èyí tó kù fún mi, ó ní lálẹ́ ọjọ́ yẹn òun ti ń rò ó pé ikú á sàn ju kí ara òun máa sá fún òun lọ. Àwọn dókítà mọ̀ pé akathisia máa ń ti èèyàn débẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe ohun tá à ń sọ pé "yóò lọ, mú sùúrù". Dókítà mìíì tá a lọ bá, obìnrin kan, kàn ní kó jókòó sórí àga níwájú òun fún ìṣẹ́jú méjì, ó ń wo ẹsẹ̀ ẹ̀, kò wo ojú ẹ̀. Ó dín Haldol kù, ó fi propranolol kékeré kún un. Mọ́mì ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́ ni? Òun ni, àmọ́ ó ń gba àga adrenaline àti noradrenaline, kò sì kan dopamine rárá, ó sì máa ń mú ìrìnkúrìn yẹn rọlẹ̀ lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi bá a lórí ìjókòó ní pálọ̀, ó ń wo bọ́ọ̀lù.

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí wàhálà, Àǹtí mi. Wàhálà wà níbẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn la wá ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn. Wọ́n gbé e lọ sórí risperidone, ara ẹ̀ dẹ̀, orí ẹ̀ sì wálẹ̀, inú wa dùn, láìmọ̀ pé ọmú ẹ̀ ń wú, omi ń jáde níbẹ̀. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìnlélógún. Síńgílẹ́ẹ̀tì méjì ló ń wọ̀ sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì nínú ooru Abuja, oṣù mẹ́rin ni ò sọ fún ẹnì kankan. Dopamine ló máa ń di homónù tó ń pe omi ọmú mú kó má tú jáde, risperidone jókòó sórí àga ẹ̀ níbẹ̀, homónù náà tú. Bó bá jẹ́ obìnrin ni, nǹkan oṣù ẹ̀ lè dúró, wọ́n á sì máa bi í pé ṣé oyún ni. Ó ti ń dín ìlò oògùn kù fúnra ẹ̀ níkọ̀kọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, tó bá jẹ́ pé a ti bi í léèrè, kò bá má ti dé bẹ́ẹ̀.

Olanzapine ló kàn. Gbogbo wa la mọ Piriton, bó ṣe máa ń fi oorun dáni wó. Àga histamine tí Piriton ń gbà, olanzapine ń gbà á gan-an, ó tún ń gba irú àga serotonin kan tó máa ń sọ fún ara pé ó ti yó. Nítorí náà oorun dé, ebi sì dé, ebi tí kò lópin. Masa mẹ́wàá lówùúrọ̀, tuwo lọ́sàn-án, á dìde lóru lọ ṣí ìkòkò. Láàárín ọdún kan ó kúrò ní kílò 61, ó di 84. Àwọn mọ̀lẹ́bí tó wá kí wa ń pè é ní wọ̀bìà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo sì rí ojú ẹ̀. Mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ nílé mi, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá. Ẹni tí oògùn ti pa ẹnu tó ń sọ pé "ó tó" mọ́ nínú ẹ̀, ẹ ní kó kó ara ẹ̀ níjàánu. Ìwọ̀n ara àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n máa yẹ̀ wò lóòrèkóòrè fún ẹni tó ń lò ó, ẹ béèrè fún un bí wọn ò bá ṣe é.

Oògùn kan wà tó ń jẹ́ aripiprazole, ó wọ ọjà Amẹ́ríkà ní 2002, tí ìṣe ẹ̀ wù mí láti ronú lé. Òun jókòó sórí àga dopamine àmọ́ kì í ká apá bíi Haldol, ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Adelé ni. Bí ọba bá wàjà tí wọn ò tíì jẹ òmíràn, adelé á máa dá ẹjọ́ kéékèèké kí ìlú má bàa tú, kò sì ní ṣe ju agbára ẹ̀ lọ. Níbi tí dopamine ti pọ̀ jù á mú un wálẹ̀, níbi tó ti kéré á gbé e ró. A ò rí i lò torí owó ẹ̀ ò ká wa nígbà yẹn, mo sì gbọ́ pé òun náà lè fa àìlèjókòó.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti asofẹ́yẹjẹ, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ń retí ẹ̀. Mọ́mì gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn kan lápá Kwara nígbà kan tí mi ò sí nílé, bàbá náà fún un ní àgbo, asofẹ́yẹjẹ sì wà níbẹ̀. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni fi igi yẹn ṣẹ̀sín. Àwọn bàbá wa ti ń fi í wo wèrè kí òyìnbó tó gbọ́ orúkọ ẹ̀, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ọmọ Kánádà, kọ̀wé nípa bí àwọn oníṣègùn wa ṣe ń lò ó ní 1960, Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ ọmọ Yorùbá, sì ti ń bá àwọn oníṣègùn ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ọsibítù ọpọlọ Aro, Abẹ́òkúta, láti 1954. Reserpine tó wà nínú ẹ̀ ni wọ́n yọ ní 1952 látara ìbátan ẹ̀ tó ń hù ní Íńdíà. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́: kì í gba àga ẹnikẹ́ni, ẹni tó ni àga gan-an ló ń lé kúrò nílùú. Ó ń mú kí àpò kéékèèké tí iṣan ń kó dopamine, serotonin àti noradrenaline pamọ́ sí ṣófo. Arvid Carlsson, ọmọ Sweden, fún ehoro ní reserpine, ehoro dùbúlẹ̀ gbalaja pẹ̀lú etí sísọ́ wálẹ̀, ó fún un ní L-DOPA tí ọpọlọ fi ń ṣe dopamine, ehoro dìde. Látibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ iṣẹ́ dopamine, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2000. Àbúrò mi ń mu àgbo yẹn, ó sì ń lo hóró ọsibítù lọ́wọ́ kan náà. Ọ̀kan lé onílé lọ, èkejì jókòó sórí àga onílé. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ já wálẹ̀, ó ṣubú ní balùwẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì bí ehoro Carlsson ló rí. Bàbá náà ò mọ̀ pé hóró wà, dókítà ò mọ̀ pé àgbo wà, àwa tá a mọ méjèèjì la ò sọ.

Ìgbà kan tún wà tó dá gbogbo ẹ̀ dúró lójijì. Ara ẹ̀ ti yá, ó ní kí lòun tún ń lo oògùn fún. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, rédíò tún ń pe orúkọ ẹ̀, ó sì le ju tàkọ́kọ́ lọ. Bí wọ́n bá ti dí àga pa pẹ́, ọpọlọ máa ń kan àga tuntun mọ́ ọn, wọ́n ti rí èyí dáadáa lára ẹranko. Bí oògùn bá wá dìde lójijì, dopamine bá àga rẹpẹtẹ nílẹ̀, ariwo sọ. Bó bá jẹ́ pé a dín in kù díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú dókítà, ọpọlọ á ráyè kó àga ẹ̀ wọlé.

Èmi náà ti fẹ́ máa rò pé ọ̀rọ̀ àga ti parí gbogbo ẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀ ni oògùn ti gba àga, àmọ́ ọ̀sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni ara ń yá. Clozapine nìyẹn, tí kì í sábà gba àga D2 tó 65, tó ń jókòó tó sì ń tètè dìde, síbẹ̀ òun ló ń ran àwọn tí gbogbo oògùn yòókù ò ràn lọ́wọ́. Ó pa àwọn èèyàn kan ní Finland ní 1975 torí ó ń jẹ sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n kó o kúrò lọ́jà lọ́pọ̀ ìlú, wọ́n sì padà gbé e wọlé pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ torí kò sí àfidípò ẹ̀. Ohun tí kì í ṣe àga wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Mo bi àbúrò mi lọ́jọ́ kan, a jókòó síta, a ń jẹ súyà, mo ní ohùn yẹn ńkọ́, ṣé ó ti lọ. Ó rò ó. Ó ní, "Kò lọ tán, Àǹtí mi. Ó ṣì máa ń sọ̀rọ̀. Tẹ́lẹ̀, bó bá sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ọba ló ń pàṣẹ. Báyìí ó dà bí ẹni tó ń polówó nínú ọjà Wuse, mò ń gbọ́, mi ò kàn dáhùn ni." Mo ti ka bí àwọn onímọ̀ ṣe sọ ọ́, pé dopamine ni ọpọlọ fi ń sàmì sí nǹkan pé ó ṣe pàtàkì, pé oògùn ń dín àmì yẹn kù ni, kì í pa ohùn rẹ́. Èmi ò tíì kà á níbì kankan kó yé mi tó bí ti ọjà Wuse yẹn.

A ní ìwé ẹsáyìn kan báyìí tí a máa ń mú lọ síbi àyẹ̀wò, òun fúnra ẹ̀ ló ń kọ ọ́. Mo ti máa ń sọ̀rọ̀ fún un tẹ́lẹ̀, bí dókítà bá bi í pé báwo lara, èmi ni mo ń dáhùn. Ìgbà tá a lọ kẹ́yìn, ọyẹ́ ti dé, eruku ti bo gbogbo ìlú, dókítà bi í, mo panu mọ́. Ó ṣí ìwé ẹ̀, ó ń kà á: ẹnu gbẹ ní àárọ̀, mo fi kílò kan sí i, mo gbọ́ ohùn lẹ́ẹ̀mejì, ẹsẹ̀ ò gbọ̀n. Dókítà gba ìwé náà, ó tún un kà, ó dín hóró alẹ́ kù díẹ̀, ó sì wo ẹsẹ̀ ẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

A wọ bọ́ọ̀sì ní Berger. Ó gba ẹ̀gbẹ́ wíńdò, ó gbé ìwé ẹsáyìn lé orí itan, gosíló mú wa, kọ̀ǹdọ́ ń bá obìnrin kan jà lórí ṣéńjì. Láti Berger títí a fi dé Kubwa, ó jókòó.